Okùn Tó Gùn Ju Kànga Lọ

Òbírí méjì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì yà sójú pátákó, kékeré nínú ńlá. Ó kọ 2.95 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kékeré, ó kọ 5.90 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá, ó ní kìlómítà ni. Ó wá na ṣọ́ọ̀kì sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Orí òbírí ńlá yìí lo dúró sí. O fẹ́ sọ okùn kalẹ̀ kó fara kan kékeré. Báwo lokùn ẹ ṣe máa gùn tó?"

"Kìlómítà 2.95, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Ká sáà yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì ni."

"Okùn ẹ ò ní tó. Kò tiẹ̀ ní dé ìdajì ọ̀nà."

Òwúrọ̀ Sátidé ni, nínú kíláàsì kan ní yunifásítì kan n'Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ físíìsì. Èmi ni àlejò, mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò mi. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n nítorí àlejò tó wà nínú ilé, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi Yorùbá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Mo ṣàkíyèsí pé ìgbà tó bá ń fi Yorùbá sọ ọ́ gan-an làwọn ọmọ náà ń gbórí sókè kúrò nínú ìwé wọn.

Ìṣirò ihò dúdú tí kì í yí ni wọ́n wá ṣe. Ihò dúdú ni ibi tí ohun tó wúwo ti fún pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Tí a bá ní kì í yí, a ní kì í pòòyì bí òkòtó. Ó kàn dúró jẹ́ẹ́, ó rí bákan náà níhà gbogbo. Òun ló rọrùn jù nínú wọn, òun sì ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ náà ní ìrìn. Láti 1923 ni Birkhoff, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ti fi ẹ̀rí hàn pé ohunkóhun tó bá ti rí róbótó, tí kò sì yí, ìṣirò kan ṣoṣo ló ń jọba níta rẹ̀. Ì báà jẹ́ ìràwọ̀, ì báà jẹ́ ihò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n padà sídìí okùn.

"Nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí lójú pátákó yìí kò sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín. Ta ló fẹ́ na okùn dé àárín ihò dúdú, tó máa padà wá ròyìn? Ohun tó ṣeé ṣe ni kéèyàn rìn yí i po, kó wọn ìrìn náà, kó pín in sí ọ̀nà 6.28. Èyí tó bá jáde la pè ní r."

Lórí ilẹ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá yí ẹnu kànga po, tó pín in bẹ́ẹ̀, ti mọ bó ṣe jìnnà láti etí kànga dé àárín ẹnu rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò dúdú, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí òòfà ti fa àyè fúnra rẹ̀ gùn síhà ìsàlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìṣirò náà ní ìlà mẹ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó tún un tẹ̀. 6.77. Kìlómítà 2.95 ni òbírí kan fi ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kìlómítà 6.77 ni okùn tó máa so wọ́n pọ̀.

"Ẹ ṣé," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Kànga yẹn jìn ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe sọ lọ."

Ojú ogun ni ẹni tó kọ́kọ́ rí ìṣirò yìí wà. Karl Schwarzschild, ọmọ Jámánì, ni olórí ilé ìwòràwọ̀ Potsdam kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, tó sì lọ wọṣẹ́ sójà lẹ́yìn tó ti lé lógójì ọdún. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 1915 ni Einstein gbé òfin òòfà tuntun rẹ̀ jáde ní Berlin. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, kò tíì pé oṣù kan, lẹ́tà Schwarzschild ti jáde láti ojú ogun, ìdáhùn sì ti wà nínú rẹ̀ ní pípé pérépéré, nígbà tó jẹ́ pé ìdáhùn tí kò pé ni Einstein fúnra rẹ̀ ń lò. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1916 ni Einstein gbé e síwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, àìsàn awọ ara kan tó burú pa Schwarzschild. Ọmọ ọdún 42 ni. Mi ò lè gbọ́ ìtàn yìí kí inú mi má bà jẹ́, bó ti wù kí n ti gbọ́ ọ tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Leiden nílẹ̀ Holland, Johannes Droste, náà rí ìdáhùn yẹn fúnra rẹ̀ lọ́dún kan náà, bó sì ṣe kọ ọ́ ló sún mọ́ èyí tó wà lójú pátákó wa jù.

2.95 yẹn ńkọ́? Oòrùn ni. Kéèyàn mú ìwúwo oòrùn, kó fi agbára òòfà ṣe ìlọ́po rẹ̀, kó sọ ọ́ di méjì, kó wá fi ìyára ìmọ́lẹ̀ pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fún oòrùn pọ̀ títí r rẹ̀ fi kéré sí kìlómítà 2.95, ó ti di ihò dúdú nìyẹn. Bó bá jẹ́ ayé la fún pọ̀, mìlímítà 9 ló máa jáde. Ayé wa yìí, tòkun tòkè, ní ìwọ̀n ọmọ ayò kan. Nínú kíláàsì náà, rs ni wọ́n ń pe ààlà yẹn, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wàhálà tó kù wà nínú ìdá kékeré kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yí ṣọ́ọ̀kì pupa po: 1, kí a yọ rs tí a fi r pín kúrò nínú rẹ̀. Ìdá yẹn fara hàn níbi méjì. Níbi aago, òun ló ń mú kí aago falẹ̀. Níbi okùn, òun ló ń fa okùn gùn. Ẹni tó bá lè dúró gbagidi níbi tí r ti jẹ́ rs kan àti ìdá mẹ́ta rẹ̀, ìdajì ni aago rẹ̀ á máa lù: ọjọ́ méjì fún àwa tí a wà lókèèrè, ọjọ́ kan péré fún un. Bó bá sún mọ́ ọn sí i, aago á tún falẹ̀ sí i. Tí r bá wá di rs gan-an, ìdá náà di òdo. Aago dúró. Níbi okùn, ìṣirò ní ká fi òdo pín nǹkan, ìyẹn ohun tí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti kọ́ wa pé kò ṣeé ṣe.

Ó pe ọmọbìnrin kan síwájú pé kó wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí tó bá jẹ́ pé nǹkan ń jábọ́. Wọ́n kúrò nídìí oòrùn, wọ́n mú ihò dúdú tó wà láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Sagittarius A*. Ìwúwo rẹ̀ tó ti oòrùn mílíọ̀nù 4.3, rs rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 12.7 kìlómítà. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ku mílíọ̀nù kan kìlómítà kí ohun tó ń jábọ́ náà dé ẹnu ààlà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 29 lórí aago tí Schwarzschild fún wa, ó ku 500,000. Ìṣẹ́jú àáyá 29 mìíràn, ó ku 250,000. Ó ń kọ wọ́n tẹ̀ léra wọn sísàlẹ̀ pátákó, ìyókù ń dín sí ìdajì, iye àkókò kò yí padà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ku kìlómítà tó dín díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 15, kò ku mítà kan mọ́, síbẹ̀ kò tíì dé. Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ kán. Ó mú òmíràn.

"Ìgbà wo ló máa dé, sà?"

"Lórí aago yẹn? Kò ní dé láéláé."

Ó tó ogójì ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé fi wà lórí ibi tí ọmọbìnrin yẹn dúró sí. Àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Soviet ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìràwọ̀ dídì, bí ẹni pé ó dì bí omi yìnyín lẹ́nu ààlà. Einstein fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 1939 pé kò lè sí irú rẹ̀ láyé. Lọ́dún yẹn kan náà, Oppenheimer àti Snyder ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò ìràwọ̀ tó ń wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí i pé aago ẹni tó bá bá ìràwọ̀ náà wó kò dúró rárá. Kò pẹ́ tó fi kọjá.

Ibí yìí ni mo rántí ìyá mi. Oníṣòwò ni wọ́n, ọjà ọrún ni wọ́n ń ná. Bí wọ́n bá kúrò lọ́jà lónìí, wọ́n á ní ó di ọjọ́ karùn-ún, nítorí òní wà nínú iye tí wọ́n ń kà. Èmi tí mo ti mọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì á máa bá wọn jiyàn pé ọjọ́ mẹ́rin ni. Inú oṣù kan náà la jọ wà, ọjà kan náà la sì jọ ń lọ. Iye tèmi àti iye tiwọn kò dọ́gba, ọjà kò sì torí ìyẹn kúrò lójú kan. Ohun tí àwọn ara físíìsì ń pè ní kóódínéètì nìyẹn: nọ́ńbà tí a so mọ́ ibi kan àti ìgbà kan ká lè rí i dá mọ̀. Àwa la so ó mọ́ ọn. Bí a bá so ó tí kò dára, a lè tún un so.

Èmi ò sọ èyí jáde o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àpẹẹrẹ tirẹ̀: ó ní kí wọ́n sọ aago mélòó ló ń lù ní góńgó ayé níhà àríwá, níbi tí gbogbo ìlà tí a fi ń pín àkókò ti pàdé lójú kan. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ yìnyín tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí yìnyín tó wà ní mítà mẹ́wàá sí i.

Ó wá fi dọ́sítà nu t, lẹ́tà tó dúró fún aago Schwarzschild, kúrò, ó fi T ńlá rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká so aago mọ́ òjò."

Láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀kán òjò kan bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sínú ihò dúdú láìsí ẹni tó tì í. Aago tó so mọ́ ọrùn ẹ̀kán náà la fẹ́ máa lò. Ẹni méjì ló gbé ọ̀nà yìí jáde, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Paul Painlevé ní 1921, àti Allvar Gullstrand ní 1922. Ẹ wo àwọn tí wọ́n jẹ́. Painlevé ló ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Faransé ní 1917 nígbà tí ogun náà gbóná, ilẹ̀ tó ń bá àwọn èèyàn Schwarzschild jà; lẹ́yìn ogun, òun náà jókòó ti ìwé tí sójà ọ̀tá kọ, ó ń tún un ṣe. Gullstrand, ará Sweden, oníṣègùn ojú ni, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ìmọ̀ ìṣègùn ní 1911. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gba Einstein gbọ́ tán. Wọ́n rò pé bí ìdáhùn ṣe di méjì yìí, àléébù wà nínú òfin náà ni. Ìdáhùn kan náà ni, aago ló yàtọ̀.

Pẹ̀lú aago òjò, ìdá pupa yẹn kò di òdo lábẹ́ ohunkóhun mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù rí bí odò. Àyè fúnra rẹ̀ ń ṣàn wọnú ihò. Bí r bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rs, ìdajì ìyára ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣàn. Ní rs, ó bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Nínú lọ́hùn-ún, ó yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Mo ti dúró nídìí omi Olúmirin ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí, níbi tó ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Lókè, kó tó dé etí àpáta, omi náà rọra ń lọ, ẹja lè lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí i. Tó bá dé ibi tí omi ti yá tó ẹja, ẹja á máa wẹ̀, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Ìtànṣán tó bá fẹ́ jáde láti ẹnu ààlà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó ń sáré pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ojú kan náà ló wà. Mi ò mọ̀ pé mo ti di ọwọ́ mi méjèèjì mú àfi ìgbà tí iná lọ tí fáànù dúró, tí kíláàsì sì dákẹ́ lójijì. Ẹnì kan ṣí fèrèsé yòókù. Ṣọ́ọ̀kì kò nílò iná, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọmọbìnrin yẹn tún un ṣe pẹ̀lú aago tuntun, lórí ihò kan náà. Ẹ̀kán òjò dé ẹnu ààlà láìsí ìdádúró kankan, ó wọlé, ó sì dé àárín, níbi tí r ti jẹ́ òdo, ní ìṣẹ́jú àáyá 28 lẹ́yìn tó kọjá ààlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó wo àtúbọ̀tán tirẹ̀ lórí oòrùn tí a fún pọ̀: kò pé ìdá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ihò inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M87, tó wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 6.5, ó tó wákàtí 12. Iye wọ̀nyí dúró bí òkúta. Aago tó wà lọ́rùn ẹ̀kán náà ló kà wọ́n, ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni kò lè yí wọn padà.

"Ara ńkọ́, sà?" Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló bèèrè. "Ṣé èèyàn ò ní mọ̀ pé òun ti kọjá ààlà ni?"

Èmi náà ti fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Òòfà ń fa ẹsẹ̀ ju orí lọ, nítorí ẹsẹ̀ ló ṣáájú, ara á sì máa nà. Wọ́n ṣe é fún ẹni tó ga ní mítà méjì. Lẹ́nu ààlà Sagittarius A*, nínà náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún òòfà tó mú wa mọ́lẹ̀ níbí. Kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹni tó bá fi ara kan náà lọ bá oòrùn tí a fún pọ̀, ó ti já yánnayànna kó tó rí ààlà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ara tó ń nà ń sọ òótọ́ ibi tó wà, kò sì rí ohun kan tó ṣàjèjì ní rs. Àárín nìkan ni nínà náà ti di aláìlópin, kóódínéètì wo tó wù ká lò.

Ìtàn tó kù, Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀. Lemaître, àlùfáà ará Belgium, ti sọ ọ́ gbangba ní 1933 pé wàhálà rs kò ju ti nọ́ńbà lọ, àwọn èèyàn kò fiyè sí i. Eddington kọ ètò mìíràn tó tẹ̀ lé ìtànṣán ní 1924, kò sì sọ ohun tó túmọ̀ sí; Finkelstein ló tún un rí ní 1958, tó fi hàn pé bí ìgèrè apẹja ni ẹnu ààlà ṣe rí, wíwọlé ló wà, kò sí jíjáde. Ní 1960, Kruskal ní Amẹ́ríkà àti Szekeres ní Australia ya àwòrán tó gba gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tinú tìta. Àwòrán yẹn tún mú ayé kejì kan jáde lódìkejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ dúró síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìràwọ̀ tó wó kì í ní ayé kejì, kí wọ́n jẹ́ kí a lọ. Mo fara mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tó fi parí ló dùn mọ́ mi jù. Ó pín kíláàsì sí méjì. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún á lo aago Schwarzschild, àwọn tó wà lósì á lo aago òjò. Ìbéèrè kan náà ni: ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sagittarius A*, ibo ló lè sún mọ́ dé kí ihò tó gbé e mì? Ojú dúdú tí ìmọ́lẹ̀ tí ó gbé mì bá fi sílẹ̀ lójú ọ̀run, báwo ló ṣe máa tóbi tó tí a bá wò ó láti ayé?

Ariwo kéré, bírò ló ń dún. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, àwọn ọ̀tún gbé e dé: ìmọ́lẹ̀ lè yípo ihò náà níbi tí r ti jẹ́ rs kan àtààbọ̀, kìlómítà mílíọ̀nù 19; òjìji rẹ̀ á fẹ̀ tó mílíọ̀nù 66 kìlómítà. Ihò náà jìnnà sí wa tó ìrìn ọdún 27,000 fún ìmọ́lẹ̀. Wọ́n pín in, wọ́n sì rí 53.3, nínú ìwọ̀n tó pín ìṣẹ́jú àáyá igun kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Ó dà bí ẹni tó dúró níbí tó ń wo àkàrà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 lórí òṣùpá.

Àwọn òsì rí 26.6. Kíláàsì gbóná díẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn, tó wà láàárín wọn, gba ìwé, ó fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ìlà tó gbẹ̀yìn. Láti àárín dé etí ni wọ́n wọ̀n, wọ́n gbàgbé láti ṣe é ní méjì. 53.3.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ 51.8 sí abẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú àlàyé pé ó lè fi 2.3 lé tàbí dín. Òun ni ìwọ̀n òrùka ìmọ́lẹ̀ tí àwọn tó ya àwòrán Sagittarius A* fi síta ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n so àwọn ẹ̀rọ awò ọ̀run káàkiri ayé pọ̀ bí ẹyọ kan. Ó sọ fún wọn pé òrùka tó ń tàn àti etí òjìji kì í ṣe ọ̀kan náà pátápátá. Pé ihò tòótọ́ á máa yí, láti 1963 ni Roy Kerr ti rí ìṣirò tirẹ̀, ṣùgbọ́n yíyí yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí bí òjìji ṣe fẹ̀ padà. Àwọn ọmọ náà ń gbọ́, ojú wọn kò kúrò lára nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lórí ara wọn. Ẹnì kan fi fóònù ya á.

Ó mú dọ́sítà kó nu pátákó. Ọmọbìnrin yẹn dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì nu tòkè. Mi ò tíì kọ ti okùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé dọ́sítà sílẹ̀, ó sún kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó lè rí i dáadáa.